Àwòrán Inú Yàrá Ẹkún

Àwọn tó wá gbàdúrà àárọ̀ ló rí obìnrin aránṣọ tó ń gbé nílé àdúrà náà. Ó dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta tó wà lẹ́yìn ilé àdúrà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì kọ́ sórí àtẹ̀gùn. Ó ṣì ń mí, àmọ́ èémí náà kò ju ti ọmọ tuntun lọ. Kámẹ́rà ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dígí ojú rẹ̀ ti fọ́.

Kí ọkọ̀ ọsibítù tó gbé e kúrò, àwọn olùjọsìn ti wọ́ oníkámẹ́rà jáde láti òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní òdìkejì títì. Arìnrìn-àjò ni ọkùnrin náà. Láti ìlú dé ìlú ló ń ya àwòrán àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́, ó fẹ́ fi ṣe ìwé. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé òun àti aránṣọ jọ fa ọ̀rọ̀ lánàá. Aránṣọ ń sunkún pé kó pa fọ́tò òun rẹ́, oníkámẹ́rà fárígá pé òun ò ní pa á rẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi!" Olùtọ́jú ilé àdúrà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo ní ìbàdí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n kọ́ ọ lọ́gbọ́n! Ó wá fi ẹ̀jẹ̀ ba ibi mímọ́ wa jẹ́!"

Ó ti gbọ́wọ́ sókè kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀."

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ní ìlú náà. Má-Parọ́ làwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nìyẹn. Kì í pariwo. Tínú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì rọra sún sẹ́yìn.

Ó fi aṣọ gbé kámẹ́rà náà, ó ṣí ẹnu ibi tí káàdì àwòrán máa ń wà. Ibẹ̀ ṣófo. Wọ́n rọra yọ káàdì náà ni, wọn ò já a. Ó bi gbogbo wọn bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní rárá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó fa àga sún mọ́ oníkámẹ́rà.

"Má parọ́ fún mi. Kí ni obìnrin yẹn ṣe fún ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi, màdámú. Èmi ni mo ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wò ó ná."

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Obìnrin kan kúnlẹ̀ nínú fọ́tò náà, kò wé gèlè, kò borí. Ó gbójú sókè sí fìtílà, omijé ń dán láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí dé ọrùn. Àpá kan gùn láti etí rẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Ẹ ò rí bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe bà lé e lójú?" Oníkámẹ́rà ti gbàgbé pé àgọ́ ọlọ́pàá lòun wà. "Àtàná tí mo ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ti ń pín in kiri."

"Ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó yà á?"

"Téèyàn bá tọrọ àyè, ojú yẹn á yí padà. Kò ní jẹ́ ojúlówó mọ́."

"Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó o pa á rẹ́."

"Ó bẹ̀ mí. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Mo ní kó fara balẹ̀, pé ó ṣì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Sájẹ́ǹtì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá pòṣé. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé oníkámẹ́rà ní láti tẹ síwájú kó tó gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e.

"Ibo lo dúró sí tó o fi yà á?"

"Àgbàlá ni. Aṣọ ìkélé ṣí díẹ̀, mo kàn tẹ kámẹ́rà."

"Báwo ni kámẹ́rà ṣe dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

"Wọ́n jí i nínú yàrá mi ní òtẹ́ẹ̀lì ni."

Má-Parọ́ ti fóònù náà sápò, ó dìde, ó sì gba ilé àdúrà lọ.

Bàbá Àgbà, olórí ilé àdúrà náà, wà lórí bẹ́ǹṣì igi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, inú ń bí mi débi pé mi ò lè gbàdúrà. Ṣe ni obìnrin yẹn sá wá bá wa. Ọkọ rẹ̀ ló dá àpá yẹn sí i lára. A fún un ní yàrá, ó ń bá wa rán aṣọ ìkélé. Táwọn àlejò bá ń ya fọ́tò ní àgbàlá, ó máa ń sá wọlé ni, kí ojú rẹ̀ má bàa dé ibi tí ọkọ yẹn ti máa rí i. Yàrá Ẹkún nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀."

"Irú yàrá wo nìyẹn, Bàbá?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè ké, ó lè bínú, ó lè ṣépè pàápàá. Òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀. Kámẹ́rà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ olùtọ́jú ni àlejò ń fi í sí."

Má-Parọ́ bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ síbi tí aránṣọ kúnlẹ̀ sí nínú fọ́tò. Nígbà tó wo ọ̀nà àgbàlá, aṣọ ìkélé mẹ́ta tó nípọn ló rí, ìkan lẹ́yìn ìkejì. Èèyàn ò lè rí fìrífìrí ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀. Ó wá gbójú sókè. Àjà kékeré kan wà lókè fìtílà. Ó yẹ fọ́tò náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Fìtílà tóbi bí ìkòkò ní igun rẹ̀, obìnrin náà sì kéré nísàlẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń gun òkè yẹn?"

"Olùtọ́jú ni. Òun ló ń bu epo sí fìtílà. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò kúrò ní ìbàdí rẹ̀ rí."

Nígbà tó padà dé àgọ́, kò jókòó.

"Òkè orí obìnrin yẹn lo wà tó o fi yà á. Ta ló ṣí àjà fún ẹ?"

Oníkámẹ́rà fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Olùtọ́jú ni. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kan."

"Kí lo ṣèlérí fún un?"

"Pé fọ́tò rẹ̀ ló máa wà lójú ìwé mi níwájú. Mo yà á lókè níbẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ dání, ó fẹ àyà bí ọba. Lánàá, lẹ́yìn tí èmi àti aránṣọ jà tán, ó ní kí n fi kámẹ́rà sílẹ̀ fóun díẹ̀, kóun lè tún wo ara òun."

"Ṣé ìwọ máa fi í síwájú ìwé lóòótọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Rárá. Mo kàn fẹ́ ráyè wọlé ni."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kọjú sí sájẹ́ǹtì. Ó ní kí wọ́n tì í mọ́lé fún irọ́ tó pa fún ọlọ́pàá, kí wọ́n ṣì máa wo èyí tó kù.

Àwọn olùjọsìn kún àgbàlá nígbà tó padà débẹ̀, Bàbá Àgbà wà láàárín wọn. Olùtọ́jú sáré pàdé rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti tì í mọ́lé? Ẹ má jẹ́ kó lọ o!"

"Ó wà látìmọ́lé. Ìwọ náà ràn mí lọ́wọ́. Ṣé o ti rí fọ́tò tó dá wàhálà yìí sílẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Fóònù tèmi kì í gbé fọ́tò. Mi ò fojú kàn án rí."

"Wọ́n ní kò burú tó bẹ́ẹ̀."

"Kò burú kẹ̀! Obìnrin tí ò borí, tó gbójú sókè sí fìtílà, tómijé ń ṣàn dé ọrùn rẹ̀..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo àgbàlá kọjú sí i.

"O rí i," ni Má-Parọ́ wí. "Inú kámẹ́rà lo ti rí i. Ìwọ lo ṣí àjà fún àlejò, nígbà tó o mọ̀ pé obìnrin kan ń sunkún nísàlẹ̀. Aránṣọ náà ronú ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe rò ó. Ó wo fọ́tò yẹn, ó mọ̀ pé òkè ni wọ́n ti yà á, ó sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bá ẹ. Lẹ́yìn tó ṣubú, o gbé kámẹ́rà ẹlòmíì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, o sì lọ sùn."

"Irọ́ ni! Oníkámẹ́rà ló..."

"Ta ló máa ṣe èèyàn léṣe, táá wá fi kámẹ́rà ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún wa? Ká tiẹ̀ ní aránṣọ ló gbé e, ì bá fọ́ káàdì yẹn túútúú. Àmọ́ ṣe lẹnì kan rọra yọ ọ́. O yọ ọ́ torí pé fọ́tò tìẹ wà níbẹ̀. O ò sì lè jù ú nù, torí pé fọ́tò tìẹ wà níbẹ̀."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ olùtọ́jú fi lọ sí àpò àyà rẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó bá ọ̀gá rẹ̀ wá di ọwọ́ náà mú, ó kó ìka bọ àpò, ó sì fa káàdì pẹlẹbẹ kan jáde.

Olùtọ́jú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ní òun máa sọ fún Bàbá. Mo kàn dì í lápá mú ni, ó já ara rẹ̀ gbà, mo tì í. Mo gbàgbé pé àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń kérora, ẹ̀rù bà mí..." Lójijì, ohùn rẹ̀ le. "Látìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń bu epo sí fìtílà yẹn! Ta ló mọ̀ mí? Ta ló mọ orúkọ mi níbí yìí?"

"Èmi mọ̀ ọ́n," Bàbá Àgbà dáhùn. "Kò sí àárọ̀ tí mi ò dárúkọ rẹ nínú àdúrà. Ẹ mú un kúrò níwájú mi."

Má-Parọ́ tẹ̀ sí i létí. "O gbọ́ tó ń kérora. O gbọ́ ọ, o sì rìn lọ. Ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún adájọ́."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ìgbà tó di ọjọ́ kejì ni aránṣọ lajú. Ọ̀gá ọlọ́pàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti pa fọ́tò náà rẹ́?"

"Oníkámẹ́rà ti pa tiẹ̀ rẹ́. Mi ò ní tàn ẹ́, arábìnrin mi. Ó ti wà lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀."

Obìnrin náà kọjú sí ògiri. Ó ṣì kọjú síbẹ̀ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan dún ní kọ́rídọ̀, ohùn tó tutù, tó sì mọ̀ ọ́n bẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ni mò ń wá. Wọ́n ní ilé àdúrà tó wà nínú fọ́tò yìí ni wọ́n ti gbé e wá síbí. Ẹ wo ojú rẹ̀."

Má-Parọ́ fò dìde, ó dì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn láti tì í pa.

"Ẹ má tì í, ọ̀gá." Aránṣọ ti ń gbìyànjú láti jókòó, omi ojú rẹ̀ ti gbẹ. "Gbogbo ayé ti wo ibi tí mo ti ń sunkún. Kí wọ́n wá gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́kún. Ẹ mú bírò."

Má-Parọ́ ṣẹ́jú sí sájẹ́ǹtì rẹ̀ tó wà ní kọ́rídọ̀, ìyẹn sì lọ dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó wá padà jókòó, ó ṣí ìwé sórí orúnkún. Aránṣọ dá orúkọ ọkọ rẹ̀ tòun ti ti bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó ń sọ ọ́ sókè ketekete, kí ẹni tó wà ní kọ́rídọ̀ lè máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.