Ẹni Tó Dúró Nísàlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é nírọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú tó sì rí i kò tíì dì.

Ayàwòrán kan ni. Dijúkan ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí ó máa ń di ojú kan kódà bó bá ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí lẹ́ńsì kan ti ń wù ú, irú èyí tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ènìyàn bá fi ya òpópónà láti òkè, ibì kan ṣoṣo á hàn ketekete, ìyókù á ṣú bàìbàì, gbogbo èrò á wá dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ló bá gé túùbù kẹ̀kẹ́, ó fi so lẹ́ńsì àlòkù mọ́ ẹnu kámẹ́rà, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkọ mi, ṣé o máa fi ya fọ́tò ni àbí o máa gùn ún?”

Àwọn méjèèjì ní àṣà kan. Bí ọkọ bá fẹ́ dán lẹ́ńsì wò lójú fèrèsé yàrá òkè, ìyàwó á lọ dúró nísàlẹ̀ lójú òpópónà, kò ní mira. Tí ọkọ bá yà á tán, á mú aṣọ funfun tó wà lórí ìṣó fèrèsé, á fi juwọ́, á sì ké pé, “Ó ti mú un! Máa bọ̀!” Ìgbà yẹn ni ìyàwó á tó gbẹ́sẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó dúró nísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Dijúkan wà lára kámẹ́rà, tòsì wà lára túùbù. Fọ́tò náà dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé. Kò juwọ́. Kò ké. Ó kàn gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni.

“Ẹ ò pè mí,” ni obìnrin náà wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní “ẹ” rí.

Ó ń dáná, ó ń gbálẹ̀, wọ́n bi í ó ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Dijúkan tún ya òpópónà. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń ká aṣọ. Síbẹ̀, nínú fọ́tò, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́bàá òpó iná, ó wọ aṣọ àná, ó kẹ́yìn sí ilé. Nígbà tó tún yà á, obìnrin náà ti kọjá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Bó ṣe ń yà á ló ń jìnnà. Bí kò bá sì yà á, kò ní í rí i rárá.

Dijúkan yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ń sunkún. “Ó ti mú un! Ó ti mú un o! Jọ̀ọ́, máa bọ̀!”

“Ta lẹ̀ ń pè?” ohùn kan béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyàwó mi ni.”

“Èmi rèé.”

Kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tẹ túùbù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kí lẹ́ńsì lè mú kọ́nà tó wà lópin òpópónà. Ó yà á. Ó wò ó. Obìnrin náà wà níbẹ̀, kò ju orí ìṣáná lọ. Ó ti kọjú sílé báyìí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi aṣọ funfun juwọ́ sí i.

Dijúkan wo ìṣó fèrèsé. Aṣọ kò sí níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ti dúró títí ó fi sú u, kò sì ní í padà mọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin inú yàrá rọra sọ pé, “Ó ti mú un. Ẹ máa bọ̀.”