Ìkánjú Ọbáfẹ́mi

Ọjọ́ tí Olúfúnkẹ́ kọ́kọ́ fojú kan Ọbáfẹ́mi, inú ló ń bí i. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Ìkọ̀lé ti ń ṣe ségesège. Àwọn aláìsàn ti kún orí bẹ́ǹṣì dé ẹnu ọ̀nà, ẹnjiníà tí wọ́n sì ní ó ń bọ̀ láti Adó kò tíì dé. Fúnkẹ́ jókòó, ó dìde. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó padà. Bí tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn láti kékeré: ọkàn rẹ̀ kì í fìdí kalẹ̀. Joy, ọmọ Ẹdó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, a máa sọ pé ẹni tó bá jókòó ti Fúnkẹ́, kó yáa wọ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ de ìrìn.

Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé, àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, eruku ọ̀nà Ọyẹ́ lára ṣòkòtò, kò tilẹ̀ yára. Ó kí gbogbo èèyàn, àtàwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sápò.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí. "Iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ ká máa wo aago."

"Àwọn tó wà níta yìí ti ń wo tiwọn láti àárọ̀," ni Fúnkẹ́ fi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ. Ó fọ abẹ́rẹ́ tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ó pààrọ̀ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, ó nu gílóòbù inú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Fúnkẹ́ dúró tì í, ó ń gbé irinṣẹ́ fún un. Nígbà tó ṣe, wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú kọ́ńtíróòlù, ìyẹn omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ iye tó yẹ kí ẹ̀rọ kà lára rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kà á bó ṣe yẹ, òótọ́ ló ń sọ. Ó kà á bó ṣe yẹ. Ìbínú Fúnkẹ́ ti rá, ohun mìíràn tí kò tíì lórúkọ sì ti jókòó síbi tó wà.

Ìgbà ìtọ́jú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí Ọbáfẹ́mi máa wá sí Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń yà nígbà tí ara ẹ̀rọ yá gágá. Bó bá ti ń bọ̀ láti Ìdó, á ní ọ̀nà gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ilé ìwòsàn káàkiri Èkìtì dé ìpínlẹ̀ Kwara ló ń lọ, ojú ọ̀nà ni ayé rẹ̀. Fúnkẹ́ a máa pè é lórí fóònù léraléra, láti bi í bóyá ó ti dé Ọyẹ́, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ó ti jẹun. Ẹlòmíràn ì bá ti bínú. Inú tirẹ̀ a máa dùn.

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ló wí fún un lọ́jọ́ kan, oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é, "kí n tó mọ̀ ọ́, mo kàn máa ń rìn ni. Báyìí, ìwọ ni ilé tí mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fúnkẹ́ lára. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé góńgó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù sílé. Alàgbà Oyèwọlé, bàbá Fúnkẹ́, àgbẹ̀ oníṣu ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, ó sì jẹ́ ẹni àyẹ́sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ìlú náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti fẹ́ awakọ̀ kan rí. Ọkùnrin náà jáde lọ lọ́jọ́ kan, a kò sì rí i mọ́ di òní. Látìgbà náà ni Alàgbà kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tí kò lójú kan.

"Ọkùnrin tó jẹ́ pé inú mọ́tò ni yàrá rẹ̀," ló bi Fúnkẹ́, "níbo ni ìyàwó rẹ̀ máa tẹ́ ẹní sí?"

Fúnkẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá rẹ̀ bá a bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, Alàgbà mú ọjọ́ Ẹtì kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: kí ọmọkùnrin náà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá lọ́sàn-án, kí òun tó lọ sípàdé ìjọ. Ó ní bó bá fi lè pẹ́, kí wọ́n yí orí mọ́tò padà.

Àfi bí ilé iṣẹ́ Ọbáfẹ́mi ṣe mú ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an fún ìtọ́jú ẹ̀rọ Ìkọ̀lé. Ó ní kò burú, òun á jí dé ibẹ̀, òun á parí, òun á sì bá ìyá òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá òun lọ. Fúnkẹ́ gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún Joy, ó sì lọ sílé lọ bá wọn gúnyán.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú odó, ọkàn rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ó pe Ọbáfẹ́mi, ó tún un pè. Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ni ìyẹn ń wí. Nígbà tí Alàgbà jáde sí pálọ̀ nínú agbádá, Fúnkẹ́ sáré lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fóònù.

"Bàbá mi ti múra tán," ló wí. "Ọbáfẹ́mi, tó o bá nífẹ̀ẹ́ mi, fi ohun tó kù sílẹ̀, kó o máa bọ̀."

Ọbáfẹ́mi dé kí Alàgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ iyán, Alàgbà sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò retí. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Fúnkẹ́ rò pé ọkàn òun yóò wá sinmi wàyí.

Kò sinmi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Súnkànmí wá láti Ìrèlé lọ́sàn-án. Ó ní ó ń rẹ òun. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ iṣẹ́. Dókítà ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó láìjáfara. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn so ìborùn rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ.

Fúnkẹ́ kò lè jẹun. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sán, kíndìnrín tirẹ̀ náà a máa ní àbùkù. Láàárọ̀, kọ́ńtíróòlù ń jáde dáadáa, wọn kì í sì í tún un lò títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó rìn yí ẹ̀rọ po bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé kọ́ńtíróòlù síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Iye tó jáde ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Rọ́bà tó ń fa omi ti di pẹlẹbẹ, ó sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́; bí iṣẹ́ bá ti mú un gbóná lọ́sàn-án ni kì í fa omi pé mọ́. Rọ́bà tí ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni.

Ó pe Ọbáfẹ́mi. Ó bi í nípa rọ́bà náà.

"Àbẹ̀kẹ́, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo ṣe gbogbo ìyókù. Mo ní màá padà wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wá rán mi lọ sí Ìlọrin. Mo gbàgbé."

"O gbàgbé?"

"Rárá. Mi ò gbàgbé. Mo rò pé ó máa gbé e títí n ó fi padà dé."

Ó ní òun ti ń bọ̀, kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá pààrọ̀ rẹ̀ ná. Fúnkẹ́ fẹ́ gbà. Bí a bá pààrọ̀ rọ́bà, ẹ̀rọ yóò máa sọ òótọ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ó mọ̀ pé ohùn òun ló pè é kúrò nídìí iṣẹ́. Ibi tó ti ń rìn sókè rìn sódò ni Joy ti wá sọ fún un ohun tí àwọn ará Ìrèlé ń sọ: pé Ìyá Súnkànmí ti pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì ti fi ibi tí wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀ sí han àwọn ọkùnrin.

Fúnkẹ́ kò rìn mọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ọbáfẹ́mi pé òun ń lọ sọ ọ́, ó sì wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Ọláníyì, olórí wọn. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti fóònù tí òun pè, kò bo ọ̀kankan.

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n pe gbogbo ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò láti ọjọ́ Ẹtì padà, wọ́n sì kó ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sóhun tó ṣe kíndìnrín wọn. Ní Ìdó, wọ́n ní ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe Ìyá Súnkànmí. Ilé iṣẹ́ Ọbáfẹ́mi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún Fúnkẹ́ ní ìwé ìbáwí, wọ́n sì gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ọbáfẹ́mi kò pè é mọ́.

Ìyá rẹ̀ ló pè. Beatrice ni orúkọ rẹ̀, opó tó ń ta oògùn oko ní Ìtapàjí ni, Alàgbà Oyèwọlé ló sì pè, kì í ṣe Fúnkẹ́. Ó ní obìnrin tó lè fẹjọ́ ọkọ sùn kó tó wọ ulé, kí ni yóò ṣe bó bá wọlé tán? Ó ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Fúnkẹ́ rò pé inú bàbá òun yóò dùn. Ṣùgbọ́n bàbá náà jókòó síwájú abà rẹ̀, ó ń ti iṣu kan síwá sẹ́yìn.

"Èmi ni mo ní bó bá pẹ́ kó padà," ló wí. "Èmi náà wà nínú ẹjọ́ yìí."

Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀. Bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé ìwòsàn, Fúnkẹ́ á na ọrùn. Á kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, á pa á rẹ́. Ó bínú sí Ọbáfẹ́mi, ó bínú sí ara rẹ̀, àárò ọkùnrin náà sì ń pa á láàárín ìbínú méjèèjì.

Kò mọ̀ pé Ọbáfẹ́mi ti gba Ìrèlé lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbọ́ ọ. Ó wá Ìyá Súnkànmí rí, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ fún un pé ọwọ́ òun ni ikú tí wọ́n sọ fún un ti wá. Obìnrin náà jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Nígbà tó ní kó dìde, ó ní àwọn ọmọbìnrin òun ti kọ̀, wọn ò dá aṣọ òun padà mọ́, nítorí náà kó wá bá òun wa iṣu. Ọbáfẹ́mi lọ, ó sì tún padà lọ. Oko yẹn ni ìyá náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ lẹ́nu rẹ̀, àti ti ìyá rẹ̀ tó fárígá ní Ìtapàjí. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ bá Beatrice ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Èmi ni wọ́n ní mò ń kú lọ," ló wí. "Bí ọmọbìnrin yẹn bá dákẹ́ ni, àwọn mìíràn ì bá máa múra ikú bíi tèmi. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ ti dárí ji ọmọ rẹ. Ìwọ tí wọn ò ṣẹ̀, kí lo dì sínú?"

Beatrice ní ọmọ òun ni uṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Fúnkẹ́ ṣe ń jáde lẹ́nu iṣẹ́, ó rí Ọbáfẹ́mi lẹ́nu géètì. Ó ti rù, oòrùn oko sì ti pa á lára dà.

"Mo bínú sí ọ," ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe nítorí pé o sọ ọ́. O ò dúró kó jẹ́ pé èmi ni màá sọ ọ́."

Fúnkẹ́ kò ronú dé ibẹ̀ rí. Ó wò ó lójú. "Ṣé o ì bá sọ ọ́?"

Mọ́tò kan kọjá, eruku rẹ̀ bò wọ́n.

"Mi ò mọ̀," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mi ò ní mọ̀ ọ́n láéláé."

Omi bọ́ lójú Fúnkẹ́. Ó ní òun ló ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀ bó bá nífẹ̀ẹ́ òun, àti pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ràn ni. Ó ní kó dárí ji òun. Ọbáfẹ́mi bi í ohun tí yóò ṣe bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀.

"Màá tún sọ ọ́," ni Fúnkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ dúró dè ọ́, ká lè jọ wọlé."

Ọbáfẹ́mi mú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, wọn ò sì bìkítà.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ọbáfẹ́mi ti gba yàrá kan ní Ìkọ̀lé tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń pè é, àwọn ńlá kò tíì gbà á gbọ́ padà. Nígbà tí àlùfáà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Fúnkẹ́ yíjú, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Beatrice ń wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, ó rí i pé ìyàwó ń wo òun, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Àlùfáà so ọwọ́ wọn pọ̀. Ọwọ́ Fúnkẹ́ dúró jẹ́ẹ́ nínú ti Ọbáfẹ́mi.