Fọ́ọ̀mù Bàbá Sagbo

"Kọ ọ́, jàre!" Jùmọ̀kẹ́ fi bírò há Motúnráyọ̀ lọ́wọ́. "Ta ni yóò mọ̀?"

Abẹ́ igi àgbọn kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Àjárá ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó sí lọ́sàn-án Ọjọ́rú náà. Fọ́ọ̀mù mọ́kànlá ló wà lórí itan Motúnráyọ̀, orúkọ arúgbó nìkan ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyókù ṣì funfun báláú. Ó ti kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ogójì sì ni Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Yunifásítì ni dókítà yìí ti wá sí Àgbádárìgì. Ìwádìí nípa ọpọlọ àwọn àgbàlagbà ló bá wá. Ó fẹ́ mọ ìdí tí iyè arúgbó kan fi ń mú bí abẹ, tí ti òmíràn sì ń dàrú kó tó pé àádọ́rin ọdún. Motúnráyọ̀ gbọ́ Ègùn lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀bú, òun náà ló sì mọ̀wé jù ní kíláàsì karùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi yàn án pé kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Yóò bi àwọn arúgbó pé ọjọ́ wo ni òní. Yóò dárúkọ nǹkan mẹ́ta fún wọn, yóò bá wọn tàkúrọ̀sọ díẹ̀, yóò wá ní kí wọ́n dárúkọ nǹkan mẹ́ta náà padà. Yóò bèèrè bóyá orí ń fọ́ wọn, bóyá wọ́n ṣubú láìpẹ́. Bó bá ṣe é tán, dókítà yóò kọ lẹ́tà tí yóò mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Lẹ́tà yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọdún kejì tí àwọn ológun gbàjọba nìyí. Wọ́n ti ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa, ọjà kò wọlé, ọjà kò jáde. Ìlà gígùn ni àwọn ìyá ń tò kí wọ́n tó rí ṣúgà rà. Bàbá Motúnráyọ̀ sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí ọmọ náà lè gbójú lé.

"Ìdánwò ìṣirò ló ń bọ̀ lọ́la," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. 'Ara mi le, orí ò fọ́ mi.' Àbí irọ́ ni mo pa?"

Motúnráyọ̀ wo oòrùn, ó wo ìwé ìṣirò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tó kan fọ́ọ̀mù karùn-ún, ó rí orúkọ Sagbo, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Bàbá Sagbo ni bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà, ilé wọn kò jìnnà síra. Òun ló bẹ́ sómi tó fa Motúnráyọ̀ jáde lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ dojú dé.

"Iyè tirẹ̀ pé dáadáa," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó kọ ọ́: Orí fífọ́, rárá. Ìṣubú, rárá. Ìrántí, mẹ́ta nínú mẹ́ta.

Dókítà gba fọ́ọ̀mù ogójì náà lọ́jọ́ kejì, ó sì yìn ín. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i nínú àpòòwé, ó ní òun yóò kúrò nílùú ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì. Motúnráyọ̀ kà á títí ó fi há a lórí.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Ìjọba ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì títí aago mẹ́wàá fi máa lù. Kí kálukú gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀. Bí aago mẹ́sàn-án ṣe lù tán ni Motúnráyọ̀, tó ń kó pàǹtí gọ́tà, gbọ́ igbe láti ilé Bàbá Sagbo. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Bàbá náà jókòó sórí ẹní, ó ń gbìyànjú láti ki apá bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Sewanu ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró tì í, ó ń sunkún. Nígbà tí bàbá gbójú sókè tó rí Motúnráyọ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fi pè é. Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ìyáàfin Sewanu?"

"Mawu o, Ọlọ́run o! Ó di oṣù kan ààbọ̀ tó yọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó forí gbá etí ọkọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ."

"Ẹ ò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"A gbé e lọ lánàá! A ò bá dókítà, Níyì tó ń bá a ṣiṣẹ́ la bá. Ó wo fọ́ọ̀mù bàbá mi, ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò ṣubú, orí ò fọ́ ọ, ìrántí rẹ̀ pé. Mo ní ó ṣubú! Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà nínú ìwé, pé ibà ló ń dà á láàmú. Ó fún wa lóògùn ibà." Sewanu fi ìkángun ìró nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi ti ní lọ́sàn-án yìí, a máa gbé e lọ sí Àpá, sílé ẹni tó ń de wèrè mọ́lẹ̀." Ó wá tẹjú mọ́ ọmọ náà. "Motúnráyọ̀, ìgbà wo lo tiẹ̀ wá sílé wa? Mi ò rántí."

Motúnráyọ̀ yíjú padà, ó sá jáde.

Ìta ló ti pàdé Jùmọ̀kẹ́ tòun ti ìgbálẹ̀. "Níbo lò ń lọ? Aago mẹ́wàá ò tíì lù!"

"Aago mẹ́wàá gan-an ni dókítà máa kúrò nílùú. Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́."

Jùmọ̀kẹ́ dì í lápá mú. "Ṣé orí ẹ ò dàrú? Ayé ṣọ́jà la wà o! Wọ́n á gba lẹ́tà ẹ, wọ́n tún lè tì ẹ́ mọ́lé. Bàbá arúgbó ni, Motún. Arúgbó ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò ṣubú." Ó já apá rẹ̀ gbà.

Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó gba àárín igi àgbọn létí ọ̀sà, kí àwọn ṣọ́jà má bàa rí i. Wọ́n rí i. "Ìwọ! Dúró níbẹ̀!" Ṣọ́jà kan tó mú pàṣán lọ́wọ́ ní kó di etí méjèèjì mú, kó máa fò bí àkèré ní ọgbọ̀n ìgbà. Ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Motúnráyọ̀ fò. Iyanrìn wọ ẹnu rẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó, ó ń ka iye tó fò, ó sì ń gbọ́ bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ nínú àyà rẹ̀. Nígbà tó pé ọgbọ̀n, kò dúró gbọ́ ìkìlọ̀ ṣọ́jà náà. Eré ló sá.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Lándírófà dókítà ti ń ró níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Motúnráyọ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró síwájú ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì lọ! Irọ́ ni mo kọ, mà. Fọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Mi ò dé ilé wọn rárá. Bàbá Sagbo ṣubú, mà, ó forí gbá ọkọ̀, ó ti ń fa ẹsẹ̀ òsì báyìí."

Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn sọ̀ kalẹ̀. Níyì wo ilẹ̀. Motúnráyọ̀ ń retí igbe, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, "Wọlé sínú ọkọ̀," ohùn rẹ̀ sì tutù ju omi kànga lọ.

Nílé Bàbá Sagbo, dókítà tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ojú bàbá náà méjèèjì. Ó ní kó na ọwọ́ síwájú. Ọwọ́ ọ̀tún dúró. Ọwọ́ òsì rọra ń wálẹ̀, bí ìgbà tí ewé ń já bọ́.

"Kì í ṣe ogbó, kì í sì í ṣe wèrè," ó sọ fún Sewanu. "Nígbà tó forí gbá ọkọ̀, iṣan kékeré kan já láàárín agbárí àti ọpọlọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sun níbẹ̀, tó ń tẹ ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n lè fà á jáde nílé ìwòsàn ńlá l'Ékòó, bí a bá tètè débẹ̀."

Wọ́n tẹ́ bàbá sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Motúnráyọ̀, Sewanu di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Máa fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀," ni dókítà wí. "Má jẹ́ kó sùn." Motúnráyọ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ ìjì, ọ̀rọ̀ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu, bàbá sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. Wọ́n kọjá ibi tí ṣọ́jà ti ń yẹ ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ṣọ́jà kò jẹ́ kí wọ́n kọjá.

"Ẹ sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀! Fàyàwọ́ lẹ kó!"

"Aláìsàn la gbé," ni dókítà wí.

"Mo ní ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ìgbà náà ni bàbá dákẹ́. Motúnráyọ̀ pè é. Ó tún pè é. Ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́. "Dókítà! Kò dáhùn mọ́!"

Ṣọ́jà náà yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó rí arúgbó tí ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀ tí kò wo ẹnikẹ́ni, ó rí ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórúnkún rẹ̀. Ó yí padà, ó gbé igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà sókè. "Ẹ máa lọ! Ẹ yára!"

Nílé ìwòsàn l'Ékòó, wọ́n lu ihò kékeré méjì sí agbárí Bàbá Sagbo. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ti dúdú bí ọ́ìlì tó ti pẹ́ nínú mọ́tò. Wákàtí mẹ́ta ni Motúnráyọ̀ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí Sewanu jókòó lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, kí dókítà tó jáde.

"Ó yè. Ó ti dárúkọ Sewanu fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn, mi ò rò pé yóò padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ká ní a ti mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni..."

Ẹni tó ń fi àwọ̀n títún ṣe jẹun ni Bàbá Sagbo. Motúnráyọ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ó kúnlẹ̀ síwájú Sewanu, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: igi àgbọn, ìwé ìṣirò, rárá, rárá, mẹ́ta nínú mẹ́ta.

Sewanu gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mi ò lè sọ pé mo ti dárí jì ọ́. Irọ́ lo fi lé bàbá mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sáré lọ pè wọ́n padà, mi ò ní gbàgbé ìyẹn. Dìde."

Nígbà tí wọ́n padà dé Àgbádárìgì, Motúnráyọ̀ gbé lẹ́tà náà lọ fún dókítà. Dókítà gbà á.

"Gbogbo fọ́ọ̀mù ogójì náà ni mo máa dà nù," ó wí.

"Òótọ́ ni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn, mà."

"O sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni èmi ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tó bá bu omi iyọ̀ sínú ìkòkò omi mímu, ṣé ó lè tọ́ka sí ibi tí iyọ̀ wà mọ́? Àwọn dókítà tí n kò ní rí láyé yóò ka ìwé yìí, wọn yóò fi tọ́jú àwọn tí ìwọ náà kò ní rí."

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, dókítà tún padà wá. Motúnráyọ̀ lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun tún ogójì ilé náà rìn, láìgba lẹ́tà, láìgba ohunkóhun. Dókítà gbà, ṣùgbọ́n ó rán Níyì tẹ̀ lé e. Motúnráyọ̀ rìn nínú òjò, ó rìn nínú oòrùn, ó jókòó ti àwọn arúgbó títí wọ́n fi sọ tẹnu wọn tán. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tó jáde níwèé mẹ́wàá ló tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ló sì mú un wọlé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, àmọ́ bí òtítọ́ bá pẹ́ lọ́nà, irọ́ a ti ba ohun tí kò ṣe é tún ṣe jẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ọ̀dọ́ bá kọ sórí ìwé lè dà bí eré lójú rẹ̀. Kó rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì ti ṣìṣe, kó má dúró dìgbà tí àṣírí yóò tú. Kó sáré lọ sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ máa dùn ún, nítorí ìgbà tí ìjẹ́wọ́ bá tètè dé ni ó ṣì lè gba ẹ̀mí là.