Jẹ́ Kí N Gbọ́ Ọ

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ," ni bàbá wí níbi tó ti ń po kọnkéré.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bíríkìlà ni, etí ló sì fi ń mọ ilẹ̀ tó le. Bí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ bá sọ dígà mọ́lẹ̀, tó dún "kàn", kọnkéré lè wọlé. Bó bá dún "bù", wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n torí òun ni àkọ́bí, nà ró nínú kòtò. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ìdánwò sì ń bọ̀ nílé ìwé. Àwọn igun yòókù ti le, àmọ́ orí ààtàn àtijọ́ ni igun tó kù yìí bọ́ sí. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń rọ̀ sí i. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó wo òkúta, ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ó sì sọ dígà lé òkúta náà.

Kàn.

"Ó ti le nìyẹn," ni bàbá wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "O ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọkàn ìyá rẹ á balẹ̀."

Ilé tiwọn ni wọ́n ń kọ́. Ìyá ti lóyún sínú, yàrá kan ṣoṣo tó ń jò ni gbogbo wọn há sí. Bàbá ti ṣèlérí pé ọmọ tuntun kò ní sùn níbẹ̀. Wọ́n da kọnkéré, ó gbẹ, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù lé e.

Òjò ńlá kan rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, igun náà ti rì, ògiri sì ti là. Bàbá dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Mo gbọ́ ọ, ó dún kàn," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Àbí etí mi ni kò dáa mọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹ̀gbọ́n ju kó gbá a létí lọ.

"Bàbá mi, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Òkúta ni mo lù."

Bàbá yíjú sí i. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, sà."

"Ó rẹ èmi náà. Ká ní o sọ ni, à bá lọ sùn, ká padà wá lọ́jọ́ kejì."

Wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ igun náà. Wọn ò tíì hú u tán tí ìyá fi bímọ, yàrá tó ń jò náà ni wọ́n sì gbé ọmọ wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń gbé abọ́ sí ibi tí òjò ti ń kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àbúrò rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé irọ́ tí èèyàn bá pa kó lè sinmi kì í jẹ́ kó sinmi.

Nígbà tí ara ìyá mókun, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kòtò ti mu Ẹ̀gbọ́n dé àyà.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó kọ́kọ́ yọ gbogbo òkúta kúrò lọ́nà, kó tó sọ dígà mọ́lẹ̀.

Bù.

"Kò tíì le, bàbá mi. Ó sì ti rẹ̀ mí."

Bàbá fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

"Jáde bọ̀. Ó kàn mí."