Ìṣẹ́jú Márùndínlọ́gbọ̀n Tí Nẹ́ẹ̀tì Fi Lọ

Lẹ́tà tí ọmọbìnrin kan ò kọ ló fẹ́ gba ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojúlalákàn wà níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn náà dé. Ó jókòó nínú yàrá àlejò, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ wà lórí itan ọmọbìnrin náà, tó ń bá a tún ìdè rẹ̀ ṣe. Fóònù dún. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó kí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi kọ́, mà. Mi ò kọ nǹkan kan sí yín."

Ilé iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni ibẹ̀. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ló dá a sílẹ̀. Akọ̀wé ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Oníplásítà ló ń po plásítà funfun tí wọ́n fi ń mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé. Ẹni kẹrin ni ọmọbìnrin yìí, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá, tí àwọn tó ń wá gba ẹsẹ̀ sọ ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, nítorí pé tó bá fọwọ́ kan ibi tó ń dunni, kì í dunni mọ́.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló pè é, èyí tó ti gbà á wọlé láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní ó ti kọ̀wé sí wọn pé òun ò wá mọ́. Láti inú ímeèlì rẹ̀ gan-an ni lẹ́tà náà ti wá, lánàá, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán. Wọ́n ní lójú ẹsẹ̀ làwọn fèsì pé àwọn ti rí i. Ọmọbìnrin náà ò rí lẹ́tà náà nínú ímeèlì rẹ̀, kò sì rí èsì.

"Wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́wọ́ fáwọn kó tó di aago mẹ́rin òní," ó ní. "Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi àyè mi fún ẹni tó kàn. Obìnrin yẹn tún ní ṣé kì í ṣe pé ojora ló mú mi. Ojú tì mí, Bàbá. Bíi pé mo parọ́."

Akọ̀wé ti dìde. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹ bá wa wá a jáde."

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ yẹn ló fún un lórúkọ, torí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Iṣẹ́ yẹn náà ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo aago. Aago mọ́kànlá ti lù.

Ọ̀gá jáde láti yàrá rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò aṣọ iṣẹ́ funfun. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Ó mi orí.

"Ìwà ìkà ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, kọ́kọ́ bá mi de ẹsẹ̀ Bàbá fún wọn ná."

Ojúlalákàn bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

"Ta ló mọ páswọ́ọ̀dù ímeèlì rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Orí kí lo ti máa ń ṣí i?"

"Orí fóònù mi nìkan. Àfi ọjọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù. Ojú fóònù kéré jù, Ọ̀gá ní kí n wá lo kọ̀ǹpútà àwọn. Wọ́n tiẹ̀ jókòó tì mí, wọ́n ń gbà mí níyànjú."

"Nígbà tó o ṣe tán, ṣé o ti ímeèlì náà pa?"

Ó ronú. "Mi ò rántí, Bàbá."

Ojúlalákàn fi ìyẹn pa mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé bí nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ṣàlàyé. Módẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ara kọ̀ǹpútà alágbèéká Ọ̀gá ni wọ́n ń fi í sí, nínú yàrá Ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà náà ló wá ń pín nẹ́ẹ̀tì fún fóònù gbogbo wọn láìsí wáyà. Ó dà bí ẹ̀rọ omi kan tí gbogbo ilé ti ń pọn.

"Yàrá Ọ̀gá ńkọ́? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Méjì ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi."

"Ilé ni mo ti lọ jẹun lánàá," Ọ̀gá sọ. "Aago kan sí aago méjì. Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó lọ."

Ojú gbogbo wọn yí sí akọ̀wé. Òun náà ti kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ yẹn, wọn ò mú un. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ.

"Mi ò ṣí yàrá kankan," akọ̀wé ní. "Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Oníplásítà. Àwọn ló sọ níjọ́sí pé tí ọmọ yìí bá lọ, ilé iṣẹ́ máa dojú dé."

Bàbá Oníplásítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, orí ìka rẹ̀ funfun fún plásítà. Bó ṣe rí wọn, ó yára ti fóònù bọ àpò. Ojúlalákàn rí i. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún wo ọwọ́ èèyàn, irú ẹ̀ kì í bọ́ mọ́ ọn lójú.

"Ẹ gbé fóònù yẹn wá, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ ara mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹni tí ò bá jalè kì í sá fún ẹ̀ṣọ́. Ẹ gbé e wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Níbí. Lójú gbogbo wọn."

Àgbà ọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. Ojúlalákàn tẹ̀ ẹ́. Fídíò kan bẹ̀rẹ̀. Obìnrin olùkọ́ kan dúró níwájú pátákó, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n máa pe lẹ́tà tẹ̀ lé òun. A, B, D.

Ojúlalákàn dá fídíò náà dúró.

"Mi ò mọ̀wé," Bàbá Oníplásítà ní, ilẹ̀ ló ń wò. "Òǹkà nìkan ni mo mọ̀, torí ìwọ̀n ẹsẹ̀. Mo ń kọ́ ọ ní wákàtí oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀."

Ẹni tí ò tíì lè ka lẹ́tà kan, báwo ló ṣe fẹ́ kọ odidi lẹ́tà? Ìyẹn gbà á sílẹ̀, àmọ́ ó ti tẹ́ ẹ kó tó gbà á sílẹ̀. Ojú ti Ojúlalákàn. Ó dá fóònù padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lánàá ńkọ́? Ṣé ẹ wò ó?"

"Ó já. Ó kù díẹ̀ kí olùkọ́ dé 'gb', ó kàn dúró. Mo jókòó tì í títí tó fi padà."

Ojúlalákàn wo akọ̀wé. Akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìwọ náà mọ̀ pé ó já. Má jẹ́ kí n tún tẹ́ ẹlòmíì lónìí, ọmọ mi. Wá sí ìta, ká sọ ọ́ láwa méjì."

Níta, akọ̀wé mú fóònù jáde. "Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ká má fi nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ pe ará ilé. Mò ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lánàá. Ẹ wò ó. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló já. Mo tún pè é ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ó lọ."

"Láàárín ìgbà yẹn, kí lo ṣe?"

"Mo lọ sí yàrá Ọ̀gá kí n wò ó bóyá módẹ́ẹ̀mù ló ti yọ. Kọ́kọ́rọ́ mi ò wọlé. Mo tì í, mo tì í, bíi pé nǹkan wà nínú ihò. Mo bá fi í sílẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo dé ibẹ̀, ẹ ó ní kí ni mò ń wá."

Ojúlalákàn fara ti ògiri. Fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, kò sí nẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ lẹ́tà jáde láàárín rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ẹnu ẹ̀rọ tí gbogbo ilé ti ń pọn omi, ẹni tó dúró nídìí kànga nìkan ló ṣì lè bomi. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé lóde. Èkejì wà nínú ihò, láti inú.

Ó mọ̀ ọ́n wàyí. Ì bá wù ú kó má mọ̀ ọ́n. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ó kanlẹ̀kùn yàrá Ọ̀gá, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ife tíì wà lórí tábìlì, kò kún dé ìdajì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tutù fún tíì tó dà sílẹ̀. Ojúlalákàn jókòó. Ó tú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀, ó gbé e ka iwájú Ọ̀gá.

"Irin bóòtù kan ń mì nínú rẹ̀. Ẹ bá mi mú un le."

"Ẹ jẹ́ kí n pe Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó ṣe é, Ọ̀gá. Èdìdì yín ló wà lára rẹ̀."

Ọ̀gá pẹ́ kó tó yọ ọwọ́ lápò. Ó mú sukurudíráfà. Ẹnu irin náà gbọ̀n, ó kan ẹ̀gbẹ́ bóòtù, ó yẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú. Ó tún yẹ̀. Ìgbà kẹta, irin bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ bó ṣe ń yí lọ.

"Láti ìgbà wo?" Ojúlalákàn bi í.

"Ọdún méjì. Àtàǹpàkò ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní àárẹ̀ ni."

"Ẹ ò lọ jẹun nílé lánàá."

"Mi ò lọ."

"Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sínú ihò. Ímeèlì ọmọ yẹn ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Ohun kan ni ò tíì yé mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá nẹ́ẹ̀tì dúró fún àwọn yòókù?"

"Nítorí fóònù rẹ̀." Ohùn Ọ̀gá ti wálẹ̀. "Ímeèlì kan náà ló wà lórí fóònù rẹ̀. Bí èsì ilé ẹ̀kọ́ bá dé, yóò dún lápò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo pa pínpín náà, kọ̀ǹpútà nìkan ló wá ní nẹ́ẹ̀tì. Mo kọ lẹ́tà, mo dúró de èsì, mo pa méjèèjì rẹ́. Lẹ́yìn náà mo tún ṣí i fún wọn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa ka ìṣẹ́jú díẹ̀ tí nẹ́ẹ̀tì fi lọ sí nǹkan kan."

"Ẹ̀yin náà lẹ jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù."

"Mo rò pé wọn ò ní mú un ni." Ó bo ojú. "Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti jáde níbí láti ọdún méjì, ọwọ́ ẹ̀ ló ṣe é. Èdìdì mi nìkan ni mò ń tẹ̀ sí i, ìyẹn gan-an, òun ló ń bá mi di ọwọ́ mú. Tó bá lọ, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí gbogbo ayé á fi mọ̀ pé mi ò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, Ojúlalákàn."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn àgbà tó sọ ọ́ ò ní kẹ́ ẹ gbé ẹ̀sín tiyín ka ọmọ ọlọ́mọ lórí."

Ó sọ ọ́ tán, ojú ti òun náà. Ta ló ń bá wí? Láti ọdún méjì ni ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti dá egbò mọ́. Ara rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tó ṣe ẹsẹ̀ yìí ti yàtọ̀. Síbẹ̀, níbi gbogbo tó bá dé, Ọ̀gá ló ń yìn. Kò tíì sọ "o ṣeun" fún ọmọbìnrin náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn náà, nítorí pé ó bá a mú ọ̀pá ni.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí Ọ̀gá tó lè dìde. Ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ó sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akọ̀wé bú sẹ́kún. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ kò sunkún. Ó ń wò ó bí ẹni pé ó ń wá Ọ̀gá tó mọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dìde, sà," ọmọbìnrin náà ní. "Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù."

Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ ń lu bọ́tìnnì tí kò ní lọ́kàn. Ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Aago ń lọ. Níkẹyìn ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga.

"Bá mi kọ ọ́," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ṣe jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ fọ́ọ̀mù, tí Ọ̀gá jókòó tì í, tí ó ń pè é, tí òun ń kọ. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà àná, kì í ṣe òun. Mo jí orúkọ rẹ̀ lò. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ dúró. "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà, sà?"

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé gbogbo ẹsẹ̀ tí èdìdì mi wà lára rẹ̀ láti ọdún méjì, ìwọ lo ṣe wọ́n."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù nígbà tí fóònù dún lápò ọmọbìnrin náà. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àyè mi ṣì wà níbẹ̀," ó ní. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Ó nu ojú, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kúrò lórí tábìlì, ó wá sukurudíráfà lábẹ́ rẹ̀, ó mú bóòtù náà le. Ó de ẹsẹ̀ náà fún Ojúlalákàn.

"Ṣé kò dùn yín?"

"Kò dùn mí. Láti ọdún méjì ni kò ti dùn mí." "O ṣeun, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́."

Kò lọ sílé. Ó gba ẹ̀yìn ilé. Bàbá Oníplásítà ti padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, fóònù wà nínú àpò, kò ṣí i. Ojúlalákàn dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

"Ẹ ní 'gb' lẹ dé?" ó bi í. "Mo mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá lè fojú fo ọ̀rọ̀ àárọ̀, mo lè máa wá lọ́sàn-án."

Bàbá Oníplásítà sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.