Omi Tí Ìyá Tekber Ń Dà Sẹ́yìn Dorsaf

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ni Ìyá Tekber, ìyá àgbà kan lábúlé náà, bi léèrè orúkọ, àfi Dorsaf. Ó bi Malek tó jẹ́ olórí wọn, ó bi àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Dorsaf, ńṣe ló gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Wọlé, jàre. O pẹ́ jù."

Láti Tunis ni wọ́n ti wá. Wọ́n wọ bàálù dé ìlú Nouakchott, wọ́n tún gun ọkọ̀ Sidati, awakọ̀ tó máa ń tiro, wọ inú aṣálẹ̀, iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì, torí kí wọ́n lè fi ìsinmi wọn kọ́ àwọn ọmọ abúlé níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù ń kọrin lọ́nà. Dorsaf kò kọrin. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, yàrá rẹ̀ sì ti di ti ọmọ tuntun. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé wo ni tirẹ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn yòókù ń sùn. Dorsaf nìkan ni Ìyá Tekber gbà sílé. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìyá ní kó bá òun mú ìṣáná. Ọwọ́ Dorsaf ti wọ ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ dàbínù, ó ti bá ìṣáná níbẹ̀, kó tó rántí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tó wà fún òun.

Láàárọ̀, bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ó gbọ́ ìró omi lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Tekber ló mú búùtà dání, tó ń da omi sórí ipasẹ̀ Dorsaf nínú iyanrìn. Dorsaf dúró sojú kan. Ní Tunis, bí ìyá ti ń ṣe fún ọmọ tó ń rìnrìn àjò nìyẹn, kó lè padà wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyá wọn da omi sẹ́yìn wọn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ gbẹ táútáú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú ń tì í.

Àràárọ̀ ni ìyá ń da omi náà. Malek rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dorsaf, o ti rí ìyá tuntun! Ṣọ́ra o, kí wọ́n má fi ràkúnmí fẹ́ ọ síbí."

"Ràkúnmí gan-an sàn jù ẹ́ lọ."

Àmọ́ nígbà tí Dorsaf bi obìnrin kan létí kànga bóyá àṣà wọn ni, obìnrin náà pòṣé. "Ká da omi sórí iyanrìn? Ṣé orí wa dàrú ni? Kó o tó fa omi yìí, ọwọ́ ẹ á bó."

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, òun àti ìyá jókòó ti tíì, ó sì bi ìyá fúnra rẹ̀.

"Emna ló kọ́ mi," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Ará Tunis yín náà ni. Ó wá ṣe tíṣà níbí, ilé mi ló ń gbé. Ó ní tí mo bá da omi sẹ́yìn òun, òun á padà. Wọ́n ní ọkọ̀ dojú dé, wọ́n ní ó kú. Èmi ò rí òkú rẹ̀. Mo ṣáà ń da omi. O sì padà."

"Ìyá, èmi kọ́ o."

"Ta ló wá fi ibi tí ìṣáná wà hàn ọ́?"

Ẹ̀rù ba Dorsaf pé omi náà á fa òun padà, òun kò ní délé mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má da omi lọ́la."

Ìyá Tekber ní, "Bí ẹnì kan bá ń dúró dè ọ́ nílé, mi ò ní dà á."

"Wọ́n ń dúró dè mí," ni Dorsaf wí. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá jáde láìmú búùtà dání. Ó ká ọwọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún, ọkọ̀ sì gbéra.

Ní ọ̀nà jíjìn, Sidati dúró kí wọ́n kírun. Ibẹ̀ ni fóònù ti rí nẹ́tíwọọ̀kì, ni gbogbo wọn bá ń ké, "Màmá, a ti ń bọ̀ o!" Dorsaf pe bàbá rẹ̀. Ìyàwó bàbá ló gbé e. "Ọ̀sẹ̀ yìí lẹ ń dé ni? A ti gbàgbé o. Ṣé o lè wá ibòmíì sùn ná?"

Ó rọra lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ṣí ike omi rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń lọ, ó sì da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, síhà abúlé. Iyanrìn fà á mu.

Nígbà tó yíjú, Sidati ló wà níbẹ̀, ó ń tiro bọ̀, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó nawọ́ sí iyanrìn tó tutù náà. "Tíṣà kan da omi báyìí, níbí yìí gan-an. Ó ní òun ò fẹ́ lọ mọ́. Mo ní kó wọkọ̀ jàre. A ò tíì kọjá òkìtì iyanrìn yẹn tí ọkọ̀ fi dojú dé..."

"Mo rántí," ni Dorsaf wí, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.