Ibi Tí Bùsáyọ̀ Ti Sọnù

Bùsáyọ̀ ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún ogún ìṣẹ́jú. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn Mùjídàt ní Ìbà sì tutù. Mùjídàt, ọmọ kíláàsì rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ọmọbìnrin kékeré inú géèmù tó ń rìn kiri lójú kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Mùjídàt fúnra rẹ̀ ló ṣe géèmù náà. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà Bọ̀ọ̀dá Zakariyah, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá kan nínú ilé wọn. Ìlú ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń gbá a lè rìn dé ibi tó bá wù ú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an: kó lọ ra ẹní tuntun fún ìyá àgbà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń hun ẹní ní òdìkejì odò. Owó ẹyọ méjìlá ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Nínú rẹ̀ ni yóò ti ra oúnjẹ ọ̀nà, àti epo àtùpà tí yóò fi la igbó kọjá.

Nínú géèmù tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń gbá, ọfà pupa kan máa ń wà lókè tó ń tọ́ka ọ̀nà. Mùjídàt ò fi ọfà sí tirẹ̀. Ó ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta ló ń fi ọfà rìn ní Ìbà? Bí o bá ń wá ilé ẹnì kan, wàá kí ìyá tó ń sun àgbàdo ní kọ̀rọ̀, wọn á ní kó o máa lọ títí wàá fi rí géètì aláwọ̀ ewé, kó o tún béèrè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ìlú inú géèmù rẹ̀. Ẹni tó bá kí àgbà, àgbà á júwe ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá kí ọlọ́jà, ọlọ́jà á dín owó kù fún un, á tún fi èènì sí i. Ẹni tí kò bá kí èèyàn, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san. Mùjídàt ti ṣírò rẹ̀ sínú ìwé: ẹni tó ń kíni yóò dé etí odò pẹ̀lú owó ẹyọ márùn-ún, méjì fún ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé e sọdá, mẹ́ta fún ẹní.

"Owó ti tán," Bùsáyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Báwo ló ṣe tán?"

"Mo ti dé etí odò. Ọlọ́kọ̀ ní òun á gba méjì. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi."

"O ò kí èèyàn ni. Látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀, o ò kí ẹnì kankan. Àbí o ò rí bọ́tìnnì ìkíni?"

"Mo rí i." Bùsáyọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn bàbá méjì abẹ́ igi yẹn ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ń dúró kí wọ́n parí. Àwọn ọlọ́jà náà ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀."

Ayọ̀wálé, ọ̀rẹ́ Mùjídàt tó ya gbogbo àwòrán inú géèmù náà, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn bàbá yẹn ò lè parí, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹta."

"Nílé wa, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà," Bùsáyọ̀ dáhùn. Ó yíjú sí Mùjídàt. "Ṣé kò síṣẹ́ tí mo lè bá ẹnì kan ṣe níbí, kí n fi rí owó ọkọ̀?"

"Kò sí."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kó o tún un bẹ̀rẹ̀, kó o sì kí èèyàn."

Bùsáyọ̀ ò tún un bẹ̀rẹ̀. Ó mú ìwé tí wọ́n fún un, ó kọ nǹkan sí i, ó dá a padà, ó sì rọra jáde lọ.

Ìwé yẹn gan-an ni wàhálà. Àwọn tó ṣètò ìdíje géèmù fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà sọ pé èèyàn méjìlá gbọ́dọ̀ gbá géèmù kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gba ìwé náà. Ìwé mọ́kànlá ló yin Mùjídàt. Ìkejìlá ni ti Bùsáyọ̀: "Mo dé etí odò, owó mi tán. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà."

Kọ̀ǹpútà tuntun ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè. Bọ̀ọ̀dá Zakariyah ti parí ìdánwò àṣekágbá, ìparí oṣù ni yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́, tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí Mùjídàt ò bá rí ẹ̀bùn yẹn gbà, gbogbo ìlú tó fi oṣù mẹ́jọ tẹ̀ dó gbé nìyẹn. Kò ní ríbi ṣí i mọ́.

"Ta ni Bùsáyọ̀ jẹ́ gan-an?" Ayọ̀wálé bi í nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. "Ọmọ tí kì í lè dáhùn tí tíṣà bá pe orúkọ rẹ̀. Kọ òmíràn dípò rẹ̀, jàre. Mọ́kànlá mọ̀ ọ́n gbá, ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi ta ni?"

"Ẹ̀bi rẹ̀ ni," Mùjídàt fèsì. Ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ó rún ìwé náà, ó sọ ọ́ sínú àpò ilé ìwé rẹ̀. Ó mú bébà tuntun, ó tẹ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó lè jọ ti ẹlòmíràn, ó kọ gbólóhùn méjì, ó sì kọ orúkọ Bùsáyọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan ní Òkókómáìkò ni ìdíje náà ti wáyé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn wá gbè wọ́n lẹ́yìn, Bùsáyọ̀ náà sì jókòó ní ìlà kẹta. Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ, ìyá kan tó ń lo gíláàsì ojú, tó sì ti ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí Mùjídàt, ni adájọ́. Wọn kì í wo géèmù lásán, àwọn fúnra wọn ló ń gbá a, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń wò ó lára ògiri.

Wọ́n rìn dé abẹ́ igi. Àwọn bàbá méjì ń sọ̀rọ̀. Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ dúró.

"Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí àwọn bàbá parí ọ̀rọ̀ wọn," ni wọ́n wí, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà dúró pẹ́, nígbà tó yá wọ́n rọra kọjá lọ. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, wọn ò dá sí i, wọ́n san iye tí wọ́n pè. Wọ́n ra epo àtùpà, wọ́n la igbó kọjá. Wọ́n dé etí odò pẹ̀lú owó ẹyọ kan.

Ọlọ́kọ̀ mi orí.

"Kí ni mo wá lè ṣe níbí?" Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì mú àwọn ìwé náà. "Èèyàn méjìlá ló gbá a. Kò sẹ́ni tó há síbí rí?"

Mùjídàt wo Ayọ̀wálé. Ayọ̀wálé rọra mi orí: rárá.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bùsáyọ̀ Àdìgún kọ̀wé pé, 'Géèmù náà dùn gan-an. Mo ra ẹní, mo sì gbé e délé fún ìyá àgbà.'"

Ní ìlà kẹta, Bùsáyọ̀ gbé orí sókè. Kò bínú, kò sì dìde. Ó kàn ń wo Mùjídàt. Ìgbà yẹn ló yé Mùjídàt pé ọmọ yìí ò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Bó ṣe dúró de àwọn bàbá abẹ́ igi yẹn náà ni yóò ṣe jókòó síbẹ̀, tí wọn yóò máa fi orúkọ rẹ̀ parọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Mà," Mùjídàt wí. "Irọ́ ni ìwé yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Ibi tẹ́ ẹ há sí yẹn gan-an ni Bùsáyọ̀ há sí, ó sì sọ fún mi."

Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ jókòó."

Wọ́n yọ géèmù náà kúrò nínú ìdíje. Ilé ìwé kan láti Ajangbadi ló gba kọ̀ǹpútà, ọfà pupa sì wà nínú tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú bí Ayọ̀wálé, ó dá lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngàn, Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ ti pe Mùjídàt sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìlú tó o kọ́ yẹn dára, ọmọ mi. Èèyàn mọ́kànlá yìn ọ́, kò burú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ràn ọ́ lọ́wọ́, ìwé tirẹ̀ lo sì gbé sọnù."

Lọ́jọ́ kejì, Mùjídàt lọ sí ilé àwọn Bùsáyọ̀ ní Ìbà Housing Estate. Ó yọ bébà rírún náà nínú àpò, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lórí itan.

"Má bínú," ó wí. "Mo parọ́ mọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́ nígbà tó o sọ ọ́."

"Ṣé kí n bi ọ́ ní nǹkan kan? Nígbà tó o dé etí odò, kí lo rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀?"

Bùsáyọ̀ ò ronú pẹ́. Ó jọ pé ó ti ń dúró de ìbéèrè náà. "Omi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ayọ̀wálé ya omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún ya igbá sí ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé ọlọ́kọ̀ máa ní kí n bá òun gbọ́n ọn, kí n fi san owó ọkọ̀."

Oṣù mẹ́jọ ni Mùjídàt fi wo ọkọ̀ yẹn. Kò rí omi inú rẹ̀ rí.

Bọ̀ọ̀dá Zakariyah lọ ní ìparí oṣù, kọ̀ǹpútà náà sì bá a lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ayọ̀wálé fúnra rẹ̀ gbé páálí ńlá wá, ó ya ìlú náà sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hóró àgbàdo di owó ẹyọ. Bùsáyọ̀ ni ọlọ́kọ̀, Mùjídàt ni gbogbo àgbà ìlú, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń wá gbá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ á gbọ́n omi. Bí ọmọ kan bá sì sọnù, wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n á bi í pé níbo ni, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ewé bo kòtò náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jìn sí i lọ́la, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan fi ìka rìn dé abẹ́ igi lórí páálí náà, ó ń dúró. Mùjídàt, tó ń ṣe bàbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lágbede méjì, ó sì yíjú sí i.

"Ọmọ mi," ó wí, "kí lò ń wá?"